Agogo Èèwọ̀ àti Olè tí ó ń fi Gègé Jalè

Oríṣiríṣi ni olè, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa fi ń wò ó. Olè inú ìwé ìtàn Yorùbá a máa fọ́ ilé, a máa dá ọ̀nà, a sì máa yọ ìbọn. Nítorí irú wọn ni a ṣe nílò Lápàdé, ọlọ́pàá àná inú Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, tí ó wọ kóòtù, tí ó buwọ́ lu bébà kan, tí owó ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì bá a lọ, ó ṣọ̀wọ́n nínú lítíréṣọ̀ wa. Agogo Èèwọ̀, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì sọ di sinimá ní 2002, ni ó sún mọ́ ọ̀ràn náà jù lọ nínú àwọn tí mo mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Ṣaworoidẹ (1999) mọ ìlú Jogbo. Lápìtẹ́ jọba níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti ṣe orò tí ó yẹ kí ọba ṣe, kí ó lè ráyè kó ọrọ̀ jọ. Àwọn agégẹdú ń sanwó, ọba àti ìjòyè ń jẹ ẹ́, igbó ìlú sì ń tán. Nínú Agogo Èèwọ̀, Adébọ̀sìpò, ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni a fi jọba. Àwọn ìjòyè rò pé yóò bá wọn jẹun nínú àwo kan náà. Ó kọ̀, ó sì pe orò agogo èèwọ̀. Ikú mú àwọn aṣebi láàrin wọn.

Ohun tí mo yìn nínú eré yìí ni pé olùṣọ́ ni ó gbé ìbúra kà lórí. Ìṣọ̀lá mọ̀ pé kì í ṣe ará ìta ni ó ń ja ìlú lólè jù. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Owó tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni, èèwọ̀ ni. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ti kúrò ní olè lásán, ó ti di ọ̀dàlẹ̀. Mo rò pé èdè wa sàn ju ti òfin lọ níhìn-ín, nítorí pé iye owó ni òfin sábà máa ń kà, àmọ́ ọ̀dàlẹ̀ ni àwa ń pe ẹni náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn gidi wọn eré náà wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògọ́sì, ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic àti Union Bank. Bílíọ̀nù 420 náírà ni ó rọ sínú wọn kí wọ́n má baà wó. Àwọn báńkì ti yá owó rẹpẹtẹ jáde láìgba ohun ìdógò tí ó tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yá a sì fi ra ìpín-ìdókòwò, títí kan ìpín àwọn báńkì fúnra wọn. Nígbà tí ọjà ìpín wó ní 2008, kò sí ohun tí a lè fi dí gbèsè náà. Ní oṣù Ọ̀kẹ́tóbà 2010, Cecilia Ibru, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Oceanic, gbà ní ilé ẹjọ́ ní Èkó pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni adájọ́ dá fún un. Ó sì yọ̀ǹda ohun ìní tí iye rẹ̀ tó nǹkan bí bílíọ̀nù 191 náírà.

Ta ni ọ̀ràn yìí wá bá? Báńkì Àpapọ̀ dúró fún àwọn tí ó fi owó pamọ́, nítorí náà a kò rí èrò tí ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Ẹni tí ó ra ìpín ni ó jìyà. Nígbà tí a gba Afribank ní oṣù Ògọ́sì 2011, tí a sì sọ ọ́ di Mainstreet, ìwé ìpín àwọn olùkọ́ àti oníṣòwò tí ó fi owó ajẹmọ́nú ra á di bébà tí a lè fi dì mọ́ín-mọ́ín. Àwọn báńkì sì há ọwọ́ mọ́ ẹ̀yáwó. Ní Èjìgbò tí mò ń gbé, oníṣòwò tí ó fẹ́ fi kún ọjà kì í ro báńkì mọ́. Ọ̀dọ̀ alájọ tàbí ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ni ó ń lọ. Bí kò bá rí i níbẹ̀, a bọ́ sọ́wọ́ ayánilówó tí èlé rẹ̀ ń géni jẹ. Ṣọ́ọ̀bù tí ì bá ti gba ọmọ iṣẹ́ méjì kò gba ẹnìkan. Àdánù tí kò ní òkú, tí kò sì ní ẹ̀jẹ̀, nìyí.

Ibi tí eré náà kò tó mi nìyí. Nínú Agogo Èèwọ̀, aṣebi kú, ọ̀ràn tán, ìlú sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ikú olè kì í dá owó padà. A kò rí ẹni tí ó ń ka owó, a kò rí ìwé ìṣirò, a kò sì bá obìnrin kan délé tí ó pàdánù àtẹ rẹ̀ nítorí ohun tí ìjòyè ṣe. Ẹnìkan lè sọ pé eré kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, pé orò náà jẹ́ àpèjúwe ẹ̀rí-ọkàn. Mo gbà. Síbẹ̀, àpèjúwe a máa kọ́ni ní ohun tí ó yẹ kí a máa retí. Bí a bá ń retí àrá kí ó sán pa olè, a kò ní bèèrè ìwé ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Orò tí ó bá 2009 mu ni ti ayẹ̀wé-owó-wò tí kò gba rìbá, èyí tí a ń ṣe lọ́dọọdún kí ilé tó jó.

Nítorí náà ni mo fi ń ké sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé nínú ẹgbẹ́ wa. Ìṣọ̀lá ti fún wa ní ọ̀dàlẹ̀ tí ó wọ agbádá, ó sì ti fi hàn pé Yorùbá gbé irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ó ku kí ẹnìkan kọ ìtàn akọ̀wé báńkì tí ó rí ayédèrú ìwé ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí ó ní láti yan bóyá òun yóò sọ̀rọ̀ tàbí òun yóò dákẹ́. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni agogo èèwọ̀ yóò ti dún kí owó tó lọ.