Àwo Ìṣẹ̀rí àti Ọkọ̀ Clotilda

Ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ohun tí ó rì ni a fi ń pìtàn ara wa. Àwo ni Olófin Ògúnfúnminírè ń tẹ̀ lé lójú omi láti Ifẹ̀ wá. Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ wa níbí ni ó rì sí. Àwọn mìíràn ní ó di Èkó kí ó tó rì. Èyí ó wù kí ó jẹ́, 'àwo rì' ni wọ́n ní ó di Àwórì. N kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni wọ odò lọ wá àwo náà.

Èyí ni mo ń rò bí mo ti ń ka The Last Slave Ship, ìwé tí Ben Raines gbé jáde ní ọdún 2022. Oníròyìn ni Raines ní ìpínlẹ̀ Alabama. Iṣẹ́ ìtàn kọ́ ni ó kọ́. Ìfẹ́ ọkàn ni ó fi wá Clotilda, ọkọ̀ tí ó kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Wídà lọ sí Mobile ní ọdún 1860, bẹ́ẹ̀ òfin Amẹ́ríkà ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti 1808. William Foster, ọ̀gá ọkọ̀ náà, dáná sun ún kí àṣírí má baà tú. Kọ́sọ́lá, tí wọ́n sọ di Cudjo Lewis, wà nínú àwọn tí ó kó: ọmọ Yorùbá tí ogun Dàhòmì kó lẹ́rú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni àṣìṣe rẹ̀. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 2018, nígbà tí omi fà gidigidi, ó rí egungun ọkọ̀ kan nínú ẹrẹ̀, ó kéde rẹ̀, ayé gbọ́. Ní Oṣù Kẹta, àwọn onímọ̀ ní ọkọ̀ náà tóbi ju Clotilda lọ. Ẹlòmíràn ì bá sá wọlé. Òun padà sínú odò ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó sì fa pákó mìíràn yọ. Ní Oṣù Karùn-ún 2019, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ náà jẹ́rìí pé òun gan-an ni.

Àkọlé ìwé náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìkẹyìn ti ta ni? Ti Amẹ́ríkà nìkan. Lẹ́yìn 1860, ọkọ̀ ṣì ń kó ẹrú láti Áfíríkà lọ sí Kúbà, èyí tí àwọn ọmọ wa ti ń sọ èdè Lukumí. Ẹni tí ó bá ka àkọlé nìkan yóò rò pé ọ̀ràn ti parí.

Èkejì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Raines, nítorí ó fetí sí àwọn ará Africatown. Àwọn oníwèé ìròyìn ni mo ń bá wí. Foster fúnra rẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní 1890. Kọ́sọ́lá sọ tirẹ̀ fún Zora Neale Hurston, ẹni tí ó parí ìwé rẹ̀ ní 1931, ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 2018. Àwọn ọmọ wọn ń sọ ọ́ láti ìran dé ìran, àwọn kan sì ń pè é ní àlọ́. Ìgbà tí pákó yọ ni wọ́n ní ìtàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di òtítọ́. Nígbà náà, Kọ́sọ́lá ti kú láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.