Ẹ Yìn Àwọn Tó Ń Wọn Òkun Barents
Láti ọdún 1900 tí Nikolai Knipovich ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni àwọn onímọ̀ òkun ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti ń padà sójú ìlà kan náà nínú Òkun Barents, ní àríwá agbègbè Kola ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń wọn ooru omi àti iyọ̀ inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ogun dá wọn dúró. Wọ́n tún padà. Ìpadàlọ yìí gan-an ni mo gbóṣùbà fún, torí òkun a máa gbóná, a tún máa tutù láàárín ọdún díẹ̀. Àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ nìkan ló lè fi hàn pé omi oníyọ̀ tó ń wọlé láti Àtìláńtíìkì ti gbóná ju ti àtijọ́ lọ. Ẹnìkan lè sọ pé sátẹ́láìtì ti tó. Kò tó rárá: ojú omi ló ń rí, kò rí ìsàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ yìí dáwọ́ dúró.