Ohun Tí A Kò Gbọdọ̀ Yọ

Ọmọ iṣẹ́ mi gbé irin kan tó kún fún gíríìsì sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n ju eléyìí nù?" Irin náà kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Orí rẹ̀ rí bí ife, ìdí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́. A ti yọ ṣáàfù gígùn tó ń wọ inú rẹ̀ kúrò, lójú ọmọ náà, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Mo ní kó nù ún dáadáa, kó dá a padà síbi tó ti mú un. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́, irin yẹn ni n ó kọ́kọ́ fi hàn án.

Ilé-Ogbó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédiré. Láti ibí lọ sí Ìwó, títì ọlọ́dà ni. Béèyàn bá yà sí ọ̀nà oko, ilẹ̀ pupa ni, tí òjò ń sọ di ẹrẹ̀. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú píkọ́ọ̀pù tó ń wá sọ́dọ̀ mi: Hilux, Mitsubishi L200, Nissan. Fóò-wíìlì ni ọ̀pọ̀ wọn, ẹ́ńjìnì wọn lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gíà kékeré kan wà lẹ́yìn gíà ńlá tó ń pín agbára sọ́nà méjì. Pùròpélà kan ń gbé e lọ sẹ́yìn, ìkejì ń gbé e lọ síwájú, sínú díífù tó ń pín in fún táyà ọ̀tún àti òsì.

Nínú ẹrẹ̀, ohun ìyìn ni. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí mọ́tò bá ń ṣẹ́ kọ́nà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹrẹ̀ á jẹ́ kí táyà yọ̀ díẹ̀, kí ara lè tu irin. Ọ̀dà kì í gbà bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó gbàgbé gíà kékeré sí fóò-wíìlì láti Ìwó dé ilé ń lọ́ irin mọ́ irin ni, títí ọ̀kan yóò fi ṣẹ́. Bó bá ṣẹ́, ó di ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Agodi Gate, Ìbàdàn, tàbí Ladípò l'Ékòó, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ní kí n yọ ti iwájú kúrò, kí ẹ́ńjìnì máa yí táyà ẹ̀yìn nìkan. Nígbà tí owó ìrànwọ́ epo kúrò nílẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí iye epo ju ìlọ́po méjì lọ, àwọn kan tún wá nítorí epo. Òótọ́ ni mo ń sọ fún wọn: epo tí yóò dín kù kò tó nǹkan. Àtúnṣe iwájú ni wọ́n ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan sípánà, mo máa ń béèrè pé, "Bàbá, ibo lẹ ń gbé e gbà lóṣù kẹsàn-án?" Bó bá jẹ́ oko ni, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká tún iwájú ṣe, ká má yọ ọ́. Ọ̀nà ló ń sọ irú mọ́tò tó yẹ ni. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí. Ní 1980, Henry Dangel ní Alsace, ilẹ̀ Faransé, gbé 504 tó ti sọ di fóò-wíìlì jáde, nítorí àwọn tí ọ̀nà wọn le. Ohun tí ó fi kún un ni èmi ń yọ. Ọ̀nà ló rán àwa méjèèjì níṣẹ́.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo yọ pùròpélà iwájú lára mọ́tò kan, irú èyí tí kì í kúrò nínú fóò-wíìlì nígbà kankan. Mo ṣíná, mo ki í sí gíà. Ẹ́ńjìnì ń ké, mọ́tò kò mira. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Díífù kẹta wà láàárín. O ti ṣí ẹnu iwájú sílẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo agbára ń dà sí." Bí omi ni, tó bá rí ibi tó rọrùn, kò ní gun òkè. Láti ọjọ́ náà, n kì í tú bóòtù kan kí n tó mọ ibi tí agbára ń gbà.

Toyota gbé Hilux jáde ní 1968. Ní 1979 ni ti fóò-wíìlì dé. Lójú táyà iwájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́, ohun kan wà tí a ń fi ọwọ́ yí: FREE níhìn-ín, LOCK lọ́hùn-ún. Àwọn tó ṣe é ti mọ̀ pé iwájú nílò ìsinmi. Lára irú ìyẹn, bíárìn jókòó sórí irin tirẹ̀. Èèyàn lè fa ṣáàfù yọ pátápátá, kó dé ihò tó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ mọ́tò tó dé lẹ́yìn náà, irin bí ife yẹn àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló di bíárìn mú. Ẹni tó bá jù ú nù, bíárìn rẹ̀ yóò là, táyà sì lè já lọ lórí eré. Nítorí náà, ṣáàfù gígùn là ń tú kúrò. Ife yẹn á padà sáyè rẹ̀, a ó sì fún nọ́ọ̀tì náà le tó bí àwọn tó ṣe mọ́tò ṣe là á sílẹ̀.

Agbẹ́gilére kì í fi nǹkan kún igi. Yíyọ ló ń yọ ọ́, títí ère yóò fi yọjú. Bó bá ṣèèṣì gé imú, kò sí bó ṣe lè lẹ̀ ẹ́ padà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa. Mo ń dí gbogbo ibi tí epo lè gbà jò. Wáyà tí kò níṣẹ́ mọ́, títú ni mo ń tú u, n kì í gé e. Ọ̀pá gíà kékeré, mo ń dè é mọ́lẹ̀, torí bí ẹnikẹ́ni bá fà á sí gíà alágbára, ẹ̀yìn nìkan ni yóò ru ẹrù ẹni méjì. Gbogbo ohun tí mo yọ, mo ń fi gíríìsì pa á, mo ń dì í sínú àpò, mo ń fà á lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ń gba títì lónìí lè ra oko lọ́la.

Nígbà tí a parí ti ọjọ́ yẹn, èmi àti bàbá tó ni ín jọ gbé e jáde. Mo yí ọwọ́ mọ́tò dé òpin, mo sì rọra ń yí po lórí ọ̀dà. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, ṣe ni táyà ń ké, tí mọ́tò ń ta bí ẹṣin tí a so lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, n ò gbọ́ nǹkan kan o."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Bàbá."

Ọmọ iṣẹ́ mi dúró létí títì. Táyà iwájú ló tẹjú mọ́.