Ẹ̀yìn, Ìwà àti Àyè: Ìtúpalẹ̀ Ìtàn Aruosa ní Ìlú Ìbíní

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó wà nínú 'apẹ̀yìndà' àti 'ìrònúpìwàdà'. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni 'pa...dà', tí ó máa ń gba ọ̀rọ̀-orúkọ sí àárín. Ẹni tí ó fi Ọlọ́run sílẹ̀ pa ẹ̀yìn dà. Ẹni tí ó bá fẹ́ padà gbọ́dọ̀ pa ìwà dà. Nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kì í ṣe ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ tún yí. Ìwà ni ó bọ́ sí ipò ẹ̀yìn, 'ronú' sì ni ó ṣáájú. Ìhun ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìtàn ìgbàgbọ́ ní ìlú Ìbíní, nítorí pé ẹ̀sìn Kristi dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì tún padà dé lẹ́yìn ogun 1897. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rọrùn láti sọ bí ìtàn ọmọ onínàákúnàá: ọmọ wà nílé, ọmọ lọ, ọmọ bọ̀. Ohun tí ó ṣòro ni láti fi hàn pé ọmọ wọlé rí.

Jacob Egharevba ni ó sọ ìtàn náà di ohun kíkà ní àwọn ọdún 1930, nínú Ekhere vb' Itan Edo àti nínú A Short History of Benin. Ó ní Ọba Esigie gba àwọn àlùfáà Potogí ní àlejò, ó sì kọ́ ilé ìsìn sí Ogbelaka, Idumwerie àti Akpakpava. Àwọn ibi wọ̀nyí ni Ẹ̀dó ń pè ní Aruosa. Ojúbọ ni 'aru' ní èdè Ẹ̀dó. 'Osa' sì ni Osanobua, Ẹlẹ́dàá. Orúkọ àdúgbò ni agbára ìtàn yìí. Ìrántí tí ó di orúkọ àdúgbò mú, tí ó sì pẹ́ tó irinwó ọdún, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

A. F. C. Ryder gba ọ̀nà mìíràn nínú Benin and the Europeans, 1485–1897, tí ó jáde ní 1969. Ìwé tí àwọn Potogí fúnra wọn kọ ni ó tú yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ní 1514, àwọn ońṣẹ́ Ọba Ìbíní dé ọ̀dọ̀ Manuel ọba Potogí. Wọ́n ń wá àlùfáà, wọ́n sì ń wá ohun ìjà. Manuel fi àlùfáà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun ìjà di ìgbà tí òun bá rí i pé wọ́n ti gba ìgbàgbọ́ tọkàntọkàn. Àwọn àlùfáà dé ní 1515. Ojú ogun ni wọ́n bá Ọba, wọ́n sì bá a gbé ibẹ̀ ní ìwọ̀n ọdún kan. Nínú lẹ́tà tí Duarte Pires kọ sí ọba rẹ̀ ní 1516, ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kò tíì yanjú nítorí pé àwámárìídìí tí ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àyè, Ọba kò sì ní àyè. Síbẹ̀, Ọba yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ àti díẹ̀ lára àwọn ìjòyè ńlá kí wọ́n di Kristẹni, ó pàṣẹ kí wọ́n kọ́ ilé ìsìn, àwọn tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tí àwọn àlùfáà mìíràn dé ní 1538, ojú tí wọ́n bá kò dára. Lẹ́tà tí wọ́n kọ ní 1539 kún fún ẹ̀dùn ọkàn. Lójú Ryder, ìgbàgbọ́ náà kò ta gbòǹgbò rí.

Ọ̀rọ̀ nípa àyè yẹn ni kókó, ó sì yani lẹ́nu pé ojú ọgbọ́n ìṣèlú nìkan ni wọ́n sábà fi ń wò ó. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ń wá ìbọn lè fi àìráyè ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n àyè láti wo ohun tí ó jinlẹ̀ ni 'ronú' gan-an. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gba ìrònú kò pa ìwà dà. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n pa ìwà dà, àṣẹ ààfin ni wọ́n tẹ̀ lé, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fún wọn láyè láti ronú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, wọ́n pín in sí méjì láàrin bàbá àti ọmọ.

Ta wá ni apẹ̀yìndà? Kì í ṣe Ọba, nítorí pé kò kọjú sí ibẹ̀ dé ibi tí yóò ti pa ẹ̀yìn dà. Bí orúkọ náà bá tọ́ sí ẹnikẹ́ni, ọmọ ọba yẹn ni, ẹni tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń wá àyè. Pires kò dárúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ kò wọ́n nínú ìjọ títí di òní: ọmọ tí òbí gbé lọ sí ìrìbọmi, tí ó dàgbà tán tí ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Oníwàásù a máa pè é kí ó padà sílé, bí ẹni pé ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé náà rí. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò kì í ṣe ìpadàbọ̀ bí kò ṣe ìrònú àkọ́kọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè rí.

Ọba Akenzua Kejì, tí ó jọba láti 1933 sí 1978, sọ Aruosa jí ní àwọn ọdún 1940. Ilé ìsìn náà wà ní Akpakpava, Osanobua ni wọ́n ń sìn níbẹ̀ ní ìlànà Ẹ̀dó. Lójú àwọn tí ń jọ́sìn níbẹ̀, ìpadàbọ̀ sí ilé bàbá ni. Nínú ìlú kan náà ni Benson Idahosa, tí ó kú ní 1998, ti dá Church of God Mission sílẹ̀, tí ó ń pe ènìyàn wá sí àtúnbí; lójú irú ìwàásù bẹ́ẹ̀, Aruosa gan-an ni ẹ̀yìn tí ó yẹ kí ènìyàn kọ sílẹ̀. Níbí ni àìtó ọ̀rọ̀ 'ìrònúpìwàdà' ti hàn: ó sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe sí ìwà rẹ̀, kò sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lọ. 'Yípadà sí' ni Bíbélì Yorùbá fi ń dí àlàfo náà, ohun tí ó bá sì tẹ̀ lé 'sí' ni Aruosa àti ìjọ Idahosa kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí.