Nnedi Okorafor, Òǹkọ̀wé Ìtàn Àròsọ àti Ìtàn Aláwòrán

Nnedi Okorafor wà lára àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ń kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tí wọ́n sì tún ń kọ ìtàn aláwòrán. Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1974, ṣùgbọ́n ọmọ Ígbò ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìwé ló gbé wọn lọ, ogun abẹ́lé Nàìjíríà sì dí ọ̀nà àbọ̀ mọ́ wọn.

Iṣẹ́ ìwé kíkọ kọ́ ló kọ́kọ́ gbájú mọ́. Tẹ́níìsì ló ń gbá. Nígbà tó di ọmọ ọdún 19, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tó wọ́. Ìgbà tó jí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣeé gbé mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn, sí etí ojú-ìwé tó ṣófo nínú ìwé tó ń kà. Ó padà rìn, ó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, ó sì ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Buffalo.

Nínú ìtàn àròsọ, òun nìkan ló ń gbé gbogbo ẹrù. Zahrah the Windseeker jáde ní ọdún 2005, ó sì gba ẹ̀bùn Wọlé Ṣóyínká ní 2008. Nínú Lagoon (2014), àwọn ẹ̀dá láti ayé mìíràn balẹ̀ sínú òkun létí Bar Beach l'Ékòó. Binti (2015) gba ẹ̀bùn Hugo àti Nebula. Ọmọbìnrin Himba ni Binti, láti inú ẹ̀yà tí àwọn obìnrin wọn ń fi amọ̀ pupa para, ó sì fi ilé sílẹ̀ lọ sí yunifásítì kan lójú ọ̀run.

Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ìtàn aláwòrán. Ayàwòrán ni òǹkọ̀wé ń kọ̀wé sí, kì í ṣe òǹkàwé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kọ, òǹkàwé kò ní fojú kàn án láéláé. Ẹ jẹ́ ká wo LaGuardia, tí Tana Ford ya àwòrán rẹ̀. Dókítà olóyún kan, Future, kúrò l'Ékòó lọ sí New York, ó sì mú irúgbìn abẹ̀mí kan láti ayé mìíràn wọlé ní bòókẹ́lẹ́. Ká ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ fẹ́ kọjá níwájú aṣọ́bodè. Nínú ìtàn àròsọ, ìpínrọ̀ kan tó láti sọ bí àyà rẹ̀ ṣe ń já. Níbí, àfi kí òǹkọ̀wé pín in sí àpótí-àpótí: àkọ́kọ́, èrò tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, èkejì, ọwọ́ aṣọ́bodè lórí ìwé ìrìnnà, ẹ̀kẹta, òógùn nídìí irun, ẹ̀kẹrin, ojú obìnrin náà tó wo ọ̀nà àbájáde. Ó lè jẹ́ "Máa lọ" nìkan ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa tẹ̀ sójú ewé náà. Ọ̀rọ̀ tó bá pọ̀ jù á bo àwòrán mọ́lẹ̀. Ohun tó máa ya òǹkàwé lẹ́nu, ẹ̀yìn ewé ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, kí ojú má baà ti rí i kí ọwọ́ tó ṣí i. Lẹ́yìn ayàwòrán, iṣẹ́ kan ẹni tó ń fi àwọ̀ sí i àti ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ sójú àwòrán, olóòtú sì ń ṣọ́ gbogbo wọn.

Òǹkọ̀wé kì í fi gbogbo ìgbà ni ẹ̀dá ìtàn tó ń kọ. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ ìtàn aláwòrán Marvel gbé ìtàn Shuri, ọmọbìnrin ọba ilẹ̀ àròsọ Wakanda, fún Okorafor. Leonardo Romero ló yà á. Ipò ayálégbé ni ó wà níbẹ̀: ó lè kun ilé lọ́dà, kò gbọdọ̀ wó ògiri, torí ọdún 1966 ni ìtàn Wakanda ti bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn á sì kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, ìdí nìyí tí LaGuardia fi kún ju Shuri lọ. Lọ́wọ́ tirẹ̀ ni ayé inú ìwé yẹn ti wá látòkèdélẹ̀. Apá mẹ́rin ló fi jáde láti òpin ọdún 2018, ó di odidi ìwé kan ní 2019, ó sì gba ẹ̀bùn Hugo àti Eisner ní 2020.