Ìwé Tí Ilé Méjì Kọ̀

Bí ọkùnrin Amẹ́ríkà bá fẹ́ obìnrin Ọsirélíà, tí wọ́n kó lọ sí ìlú òkèèrè, àwọn ará òde á ní kí ló ṣòro níbẹ̀? Òyìnbó ni tọkọtaya, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì sì ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ inú ilé náà ló mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ wí, ohun tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ àti ohun tí wọn kì í fẹnu kàn, gbogbo rẹ̀ ló yàtọ̀. Àdàlù ni irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù ni pé, ta ni yóò pe ọmọ àdàlù ní tirẹ̀?

Ìwé kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí gan-an. The Man Who Loved Children ni wọ́n ń pè é. Christina Stead ló kọ ọ́, ọdún 1940 ló sì jáde.

Sydney ni wọ́n bí Stead sí ní 1902. Onímọ̀ ẹja àti ẹranko ni David Stead bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ló sì ń ṣe. Ọmọ ọdún méjì ni Christina nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá rẹ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn, ọmọ olówó, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ lé ọmọ. Ní 1928, Christina wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ló ti pàdé William Blake, ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n jọ gbé ní Yúróòpù, wọ́n jọ gbé ní Amẹ́ríkà, títí ikú fi mú Blake lọ ní 1968.

Amẹ́ríkà ni wọ́n wà nígbà tí Stead jókòó láti kọ ìtàn ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà lè bá òǹkàwé Amẹ́ríkà lára mu, wọ́n ní kí ó gbé ìtàn náà kúrò ní Sydney. Ó gbà. Ó ru gbogbo ilé náà, bàbá, ìyá, ọmọ, ìjà àti gbèsè, ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Washington àti Annapolis, ó sì gbé e wá sí ọdún 1936 sí 1938, nígbà tí òun alára ti kúrò lọ́mọdé tipẹ́.

Ẹ wo bí ó ṣe ṣe é. Ní Sydney, ilé ńlá bàbá ìyàwó, Lydham Hall, ni ìdílé Stead ń gbé. Nígbà tí bàbá ìyàwó kú, ilé bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì kó lọ sí Watsons Bay létí omi ní 1917. Nínú ìwé, Tohoga House ní Washington ni ilé bàbá ìyàwó. Bàbá náà kú, ilé bọ́, ìdílé Pollit sì kó lọ sí ilé jákujàku kan létí omi ní Annapolis. Ìjọba rán David Stead lọ sí Malaya lórí ọ̀rọ̀ ẹja. Sam Pollit, bàbá inú ìwé, náà lọ sí Malaya, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Smithsonian ló bá lọ. Orúkọ ibi nìkan ló yí padà, ẹsẹ̀ ilé ò kúrò lójú kan.

Kí ló wà nínú ilé náà? Sam fẹ́ràn ọmọ, ó fẹ́ràn ẹyẹ, ó fẹ́ràn gbogbo aráyé, ó sì fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Henny ìyàwó rẹ̀ ń jẹ gbèsè níkọ̀kọ̀ kí ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ. Tọkọtaya yìí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà: ọmọ ni wọ́n ń rán níṣẹ́ síra wọn, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pélébé. Louie, ọmọ ìyàwó àkọ́fẹ́ tó ti kú, ni àkọ́bí: ọmọbìnrin tó sanra, tí nǹkan máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fẹ́ di òǹkọ̀wé. Bó ṣe parí kò ní ti ẹnu mi jáde. Ẹni tó bá kà á títí dé ibi tí Sam ti ń se ẹja ńlá kan di ọ̀rá mọ́jú, tí òórùn rẹ̀ wọ gbogbo ilé, yóò mọ̀ pé ilé náà ò ní pẹ́ fọ́.

Nígbà tí ìwé náà jáde, àwọn alámèyítọ́ Amẹ́ríkà kan ní àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ bí ọmọ Amẹ́ríkà. Ìwé náà ò tà. Ọdún 1965 ni wọ́n tó tún un gbé jáde, tí akéwì Randall Jarrell kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú gígùn sí i, tí ojú ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là sí i. Ní 1967 ńkọ́? Wọ́n dárúkọ Stead fún ẹ̀bùn Britannica ní Ọsirélíà, wọ́n sì fi dù ú, nítorí wọ́n ní ó ti pẹ́ lẹ́yìn odi jù láti jẹ́ ọmọ Ọsirélíà. Ẹ ò rí nǹkan! Ilé ọkọ ní kì í ṣe tàwọn, ilé bàbá ní kì í ṣe tàwọn. Ó di 1974, tí ó padà sílé, kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Patrick White, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ẹjọ́ tí wọ́n dá fún ìwé náà kò tọ́ lójú tèmi. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn Pollit kò jọ ti ará Washington. Ṣùgbọ́n kò jọ ti ará Sydney náà! Sam ń gé ọ̀rọ̀, ó ń fà á gùn, ó ń sọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Louie ni ó ń pè ní Looloo, Evie sì di Little-Womey. Níbo ló ti rí i? Púpọ̀ rẹ̀ wá láti ọwọ́ Artemus Ward, aláwàdà ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní 1867. Samuel Clemens pàápàá ni orúkọ Sam lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, èyí tí í ṣe orúkọ àbísọ Mark Twain. Stead kò sì fi pamọ́ pé bàbá òun ni òun fi ṣe Sam. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà ti gba inú ìwé wọ ilé kan ní Sydney kí ọmọ ilé náà tó fẹsẹ̀ kan Amẹ́ríkà. Àdàlù náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ilé tí bàbá bá ti lágbára tó báyìí máa ń ní èdè tirẹ̀, ìlú yòówù kó wà.

Ibi tí ìkólọ náà ti ba ìwé jẹ́ ni àwọn alámèyítọ́ yẹn kò rí. Ọ̀rọ̀ pé Louie fẹ́ kúrò nílé ni. Fún ọmọbìnrin Sydney ìgbà yẹn tó fẹ́ dèèyàn nídìí ìwé, kíkúrò nílé túmọ̀ sí owó ọkọ̀ òkun, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lójú omi, àti Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ ẹnì kankan. Ọmọ Annapolis kò nílò ìyẹn. Ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí New York kí ó tún padà wá sùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Nítorí náà, ìgboyà Louie kò wúwo tó bó ṣe yẹ. Ó jọ pé Stead náà mọ̀. Ní 1944 ó kọ ìwé mìíràn, For Love Alone, ó dá ìtàn padà sí Sydney, ó sì jẹ́ kí a rí ọmọbìnrin kan tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó ń febi pa ara rẹ̀, kí owó ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù lè pé.

Ẹ̀bi kejì ni pé ọ̀rọ̀ Sam pọ̀. Ó máa ń sú èèyàn, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó sú àwọn ọmọ rẹ̀ náà, wọn ò sì lè pa ìwé dé bíi tiwa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ẹ wá ìwé yìí kà. Ẹ lè máa jà lórí ọdún tí ẹ ó ṣe àti ọdún tí ẹ ó fi sílẹ̀, lórí oúnjẹ ta ni yóò wà lórí tábìlì. Àwọn ọmọ Pollit kò rántí ìyẹn. Ẹni tó ń pariwo, ẹni tó dákẹ́, àti ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ láàárín méjèèjì, ohun tí wọ́n gbé kúrò nínú ilé náà nìyẹn.