Kò Bàjẹ́, Ó Kọ̀ Ni

Kí n tó jókòó ni àwọn tó pè mí wá sílé ti máa ń dájọ́: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà méjèèjì ti bàjẹ́. Fódà wà lórí èyí tó wà ní pálọ̀, wọ́n fẹ́ ṣí i lórí àgbélétan tó wà ní yàrá, ó ní òun kò rí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n wà, Wi-Fi kan ni wọ́n ń lò. Mo máa ń ní kí wọ́n fara balẹ̀ ná. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìwọ̀nba ni ohun tí mo rí tó bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀rọ tó kọ̀ ni mo máa ń bá pàdé. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n bi í, ó yé e, ó sì kọ̀, nítorí pé ẹnì kan ti pàṣẹ fún un níbì kan pé kó máa kọ̀. Kí n wá ẹni tó pàṣẹ náà rí, kí n mọ ìdí tó fi pa á, kí n sì wò ó bóyá ó tọ́ ká yí i padà: iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nídìí kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Mo ń pààrọ̀ ojú kọ̀ǹpútà tó fọ́, mo ń tún ibi tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀ ṣe, owó tó ń tibẹ̀ wọlé sì pọ̀ ju ti èyí lọ. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà tó fọ́ kò mú ìbéèrè kankan wá: ó ti fọ́, ẹ ra òmíràn. Kọ̀ǹpútà méjì tí kò rí ara wọn kì í rùn, kì í pariwo, kò sí ohun tí èèyàn lè nawọ́ sí pé òun rèé. Ìbéèrè nìkan ló ń tú u, ìbéèrè náà sì ní bó ṣe ń tẹ̀ léra. Ẹni tó bá fo ọ̀kan, á padà wá bá a níbẹ̀.

Àdírẹ́ẹ̀sì ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Mo ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, mo tẹ ipconfig, mo sì ka nọ́ńbà tó bá gbé jáde. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ráúta ló sábà máa ń fún un. Bó bá jẹ́ 169.254, kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan. Ó béèrè títí, kò gbọ́ èsì, ló bá yan nọ́ńbà fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ ka ti èkejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń parí. Ọ̀kan á jẹ́ 192.168.1, èkejì á jẹ́ 192.168.8. Ráúta méjì ló wà nínú ilé: ọ̀kan tí wọ́n fi wáyà fà wọlé, àti alágbèéká tó ń lo síìmù, èyí tí ọmọ tó ń gbé lókè lọ rà nígbà tí ti ìsàlẹ̀ kò dé yàrá rẹ̀ dáadáa. Íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé sórí méjèèjì, Facebook ń ṣí, gbogbo ilé sì gbà pé ibì kan náà ni wọ́n wà. Wọn kò sí níbì kan náà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ráúta kan ni, ṣùgbọ́n Wi-Fi àlejò ni ọ̀kan wọ̀. Iṣẹ́ Wi-Fi àlejò ni pé kó jẹ́ kí àlejò rí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má sì jẹ́ kó rí ohun tó kù nínú ilé. Ó kọ̀, ó sì tọ́ bó ṣe kọ̀.

Bí àdírẹ́ẹ̀sì bá bára mu, mo máa ń fi ètò kékeré kan tó ń jẹ́ ping ké sí èkejì, kí n mọ̀ bóyá á dáhùn. Mike Muuss, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àwọn ológun ilẹ̀ wọn, ló kọ ọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ségesège. Ó jókòó tì í lóru, ó parí rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Kí ó tó rán ping àkọ́kọ́ jáde, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti rí ibi tó ti bàjẹ́, ó sì ti tún un ṣe. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Ohun tó kọ nítorí wàhálà ọjọ́ kan, tí kò tilẹ̀ bá ọjọ́ náà mu, ni gbogbo wa ń lò títí dòní. Ṣùgbọ́n ping gba ọgbọ́n: bó bá dáhùn, ọ̀nà ṣí, bí kò bá dáhùn, ẹ má tíì sọ pé ọ̀nà dí. Firewall, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà inú Windows, lè gbọ́ ọ, kó sì dákẹ́.

Ìdí tó fi ń dákẹ́ kò pamọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá wọ Wi-Fi tuntun, Windows á fi Wi-Fi náà sí ọ̀kan nínú ẹ̀ka méjì, Public tàbí Private. Public ni ti pápákọ̀ òfurufú àti ilé ìtura. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun wà nítòsí. Private ni ti ilé. Windows 11 máa ń fi Wi-Fi tuntun sí Public fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í padà débẹ̀ mọ́. Mo ti wọ ilé tí kọ̀ǹpútà ti ń sá pamọ́ fún àwọn tó ni ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Kò gba ìṣẹ́jú kan láti yí i padà.

Bí kọ̀ǹpútà bá ti rí ara wọn tán, SMB ni èdè tí wọ́n fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn. Barry Feigenbaum ló gbé e kalẹ̀ ní IBM ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Microsoft gbà á, wọ́n sì ń tún un ṣe títí di àkókò yìí. Ṣùgbọ́n Andrew Tridgell ni mo kà sí ọ̀gá nídìí irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì ní Canberra, ní Australia, ní òpin ọdún 1991, nígbà tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà Unix àti ti DOS máa rí fáìlì ara wọn. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tó ṣàlàyé èdè náà. Ó wá ń wo ohun tí ẹ̀rọ méjì ń sọ fún ara wọn lórí wáyà, títí ó fi mọ̀ pé bí èyí bá wí báyìí, báyìí ni tọ̀hún á ṣe dáhùn. Òun fúnra rẹ̀ fi wé ẹni tó jókòó sí ilé oúnjẹ láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn, tó ń wo ohun tí wọ́n béèrè àti ohun tí wọ́n gbé wá fún wọn. Ibẹ̀ ni ètò tí wọ́n ń pè ní Samba ti jáde, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ lónìí nínú ọ̀pọ̀ àpótí tí a ń kó fáìlì ilé pamọ́ sí.

Èmi náà máa ń wo ohun tó ń lọ lórí wáyà bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Mo ṣí Wireshark, ètò tí mo fi ń wò ó, mo ní kí onílé tún gbìyànjú, mo sì ń ka ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú kọ̀ǹpútà lè fi ìkìlọ̀ tó jọra hàn fún ohun méjì tó yàtọ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n orí wáyà ni òtítọ́ wà. Bí mo bá rí STATUS_LOGON_FAILURE, ohun tó ń sọ ni pé, “Orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tí o mú wá kò bá ohun tó wà lọ́wọ́ mi mu.” Bó bá jẹ́ STATUS_ACCESS_DENIED, ó ní, “Mo mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí n fún ọ.” Bí mo bá ti gbọ́ èyí tó sọ nínú méjèèjì, mo ti mọ yàrá tí màá wọ̀, n kò ní máa já gbogbo ilẹ̀kùn ilé kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé kan ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn. Olùkọ́ èdè Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá tó ni ilé. Ìwé tí wọ́n ń kọ wà lórí kọ̀ǹpútà ńlá ní pálọ̀, ọmọ wọn obìnrin sì fẹ́ máa kà á lórí àgbélétan tirẹ̀, kí ó lè máa bá wọn wo àṣìtẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì bára mu, Private ni méjèèjì, fódà ń hàn, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti tẹ orúkọ àti ohun ìwọlé, ó kọ̀.

“Nọ́ńbà mẹ́rin tí mo fi ń ṣí tèmi ni mo tẹ̀, ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí.

Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, tí wọ́n ń pè ní PIN, ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe é nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kì í rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo bi màmá ní pásíwọ́ọ̀dù tiwọn. Wọ́n ní àwọn kò ní, pé bí àwọn bá ti tàn án, ó ń ṣí ni. Ìyẹn náà kò lè ṣiṣẹ́: bí Windows ṣe wà láti ilé iṣẹ́, kì í gba orúkọ tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, onílé ìbáà jẹ́. Ọ̀nà àbùjá wà tí mo lè gbà, kí n pa ìbéèrè pásíwọ́ọ̀dù rẹ́ pátápátá. N kò gbà á. Mo ṣe orúkọ fún ọmọ náà lórí kọ̀ǹpútà màmá, mo ní kí ó yan pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́.

“Injiníà, ọmọ yìí ò ní ṣèèṣì pa ìwé mi rẹ́, àbí?” ni màmá bi mí.

“Rárá, mà. Á lè kà á, á sì lè dà á kọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò ní lè pa á rẹ́, kò ní lè yí i padà, àfi bí ẹ bá fẹ́.”

Wọ́n rò ó díẹ̀. “Orí kẹta nìkan ni kó máa tún ṣe. Ìyókù, kó máa kà á.”

Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn, nítorí pé ohun tí mo nílò gan-an ni wọ́n sọ fún mi. Àṣẹ méjì ló wà lórí fódà kan: èyí tí a fi sí i nígbà tí a ń pín in, àti èyí tó wà lára rẹ̀ lórí díìsì. Bí wọ́n bá ta kora, èyí tó le jù ló ń borí. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa tú èkíní títí, èkejì á sì máa kọ̀ fún un. Mo ṣètò méjèèjì bí màmá ṣe sọ, mo ní kí ọmọ gbìyànjú láti pa fáìlì kan rẹ́ lójú wọn. Ó kọ̀.

Nígbà tí fódà ṣí tán, màmá fi nǹkan kan hàn mí. Fáìlì méjì jókòó ti ara wọn, orúkọ wọn kò yàtọ̀ rárá: Ẹ̀kọ́ Kìíní àti Ẹ̀kọ́ Kìíní. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ ti ń ṣìwèrè. Kò ṣìwèrè. Àtẹ ìtẹ̀wé tí màmá ń lò ń tẹ ọ tòun ti àmì ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ti ọmọ ń tẹ o lọ́tọ̀, ó wá ń fi àmì ìdí sí i lọ́tọ̀. Ojú wa rí ọ̀kan, díìsì rí méjì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kò fi béèrè bóyá kó fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́ nígbà tí ọmọ kọ́kọ́ fi fíláàṣì kó iṣẹ́ wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi Yorùbá tó ní àmì sọ fáìlì lórúkọ gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí gbogbo ilé sì jọ máa lo àtẹ ìtẹ̀wé kan náà.

Iná mànàmáná náà ní ipa tirẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà, ráúta lè pín àdírẹ́ẹ̀sì lọ́nà mìíràn, kí nọ́ńbà tí ẹ fi ń pe kọ̀ǹpútà pálọ̀ di ti fóònù ẹnì kan. Mo máa ń wọ inú ráúta lọ fi nọ́ńbà kan pamọ́ fún kọ̀ǹpútà tó ni fáìlì. Ní ti ohun tó ń bàjẹ́ lóòótọ́, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Okùn tínrín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá já nínú mẹ́rin tí ìsáré 100 Mbps kì í lò, fáìlì á ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n á já wálẹ̀ láti 1000 sí 100, fíìmù tí kò yẹ kó gba ìṣẹ́jú kan á gba bíi mẹ́fà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó máa ń pa firewall, tí wọ́n á fún gbogbo ayé ní àṣẹ lórí fódà, tí wọ́n á gba owó, tí wọ́n á sì lọ. Àwọn ilé wà tí ayálégbé mẹ́jọ jọ ń dá owó Wi-Fi kan. Fódà tí wọ́n ṣí bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ni wọ́n ṣí i fún: ìwé ilẹ̀, àwòrán ọmọ, ìwé ìfowópamọ́. Bákan náà ni àwọn tó ń tan SMB1, ìyẹn SMB ti àtijọ́, padà nítorí àpótí fáìlì àtijọ́ kan. Microsoft gbé oògùn ihò tó wà nínú SMB1 jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún náà, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò kan náà wọ àwọn kọ̀ǹpútà tí wọn kò tíì fi oògùn náà sí, ó ti fáìlì wọn pa, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ní Bìrìtìkó, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba dá aláìsàn padà. Kí ọdún náà tó parí ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ SMB1 kúrò nínú Windows 10 tuntun. Ẹni tó bá ń bínú pé àpótí òun kò hàn mọ́, ohun tí Windows ń kọ̀ fún nìyẹn.

Ní ọdún 2024, Windows 11 Pro tún fi kún un: kò gba ẹni tí kò ní orúkọ wọlé sí irú àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì ń béèrè pé kí ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ẹ̀rọ méjì ní ìbuwọ́lù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí pé, “Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lánàá, Injiníà.” Mo máa ń kọ́kọ́ wò bóyá ẹni tó ṣe àpótí náà ti gbé àtúnṣe jáde fún un. Bó bá ti gbé e jáde, a fi sí i, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá sí, màá ní kí a kó gbogbo fáìlì inú rẹ̀ sórí díìsì tuntun, kí a sì yọ ọ́ kúrò lára ráúta. Kì í dùn mọ́ wọn nínú, owó ni wọ́n fi rà á. Mo máa ń bá wọn kó o títí tí èyí tó kẹ́yìn á fi dé, n kì í sì í gba owó lọ́tọ̀ fún ìyẹn.